Fíìmù àti Ṣáàtì Ara Ògiri Nínú Kíkọ́ Ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń gbé Ilé-Ogbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire lẹ́bàá Ìwó, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ilẹ̀ tó ṣú. Yorùbá ni wọ́n fi ń jí i, òun ni wọ́n fi ń rán an níṣẹ́, òun ni ìyá rẹ̀ fi ń ná ọjà, òun náà ló sì fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Inú kíláàsì ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé: agogo ló ń gbé e wọlé, agogo náà ló ń gbé e jáde. Nínú wákàtí díẹ̀ yẹn pàápàá, olùkọ́ ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù, tí àwọn ọmọ ń gbè é ní ohùn kan. Odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń mọ Ìwó, ẹyẹ tó lè sọ ohun tí kò yé e. Irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. “Good morning, ma” a máa tú jáde lẹ́nu wọn bí omi, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé níbo ni ìyá wọn wà, kálukú a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹnìkejì.

Fíìmù àti ṣáàtì ni ohun èlò méjì tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti nawọ́ sí nítorí ìṣòro yìí. Fíìmù tí à ń sọ kò ju ohun tí ọmọ kékeré lè jókòó wò lọ: kàtúùnù ìṣẹ́jú márùn-ún, orin ọmọdé tó ní àwòrán, ìtàn kékeré tí èèyàn gidi ṣe. Ṣáàtì, ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe bébà tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ògiri tí aláǹgbá ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn ni ṣáàtì tí ọmọ lè fọwọ́ kàn, tó lè ṣí wò, tó lè sún nǹkan orí rẹ̀ kiri tàbí kó ki káàdì bọ àpò ara rẹ̀. Ti ìgbàlódé tún lè ní àmì QR tí fóònù ń kà, kí ohùn tó pe ọ̀rọ̀ náà jáde. Fíìmù ní ohùn, ó ní ìrìn, ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣáàtì yadi, àmọ́ kì í kúrò lójú kan. Ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń lo ọ̀kan bí ẹni pé èkejì kò sí.

Fífi àwòrán kọ́ ọmọ lédè ti pẹ́. Ní 1658 ni Jan Comenius, pásítọ̀ àti olùkọ́ ará Moravia, tẹ ìwé Orbis Sensualium Pictus jáde ní Nuremberg lórílẹ̀-èdè Jámánì. Àwòrán wà lókè ojú ìwé, ọ̀rọ̀ Látìn àti ti Jámánì wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà sì so nǹkan kọ̀ọ̀kan inú àwòrán mọ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé ABD aláwòrán tí ọmọ Yorùbá ń kà bá a tan.

Fíìmù dé ìgbèríko wa nínú ọkọ̀. Ìjọba amúnisìn dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, ọkọ̀ sinimá sì ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sí gbangba, tí wọ́n ń fi fíìmù ìmọ́tótó àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ han àwọn èèyàn. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kan ti jáde tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi fíìmù kọ́ni kò gbọdọ̀ gbójú fò. John Wilson sọ ọ́ ní 1961, Marshall McLuhan sì gbé e sínú ìwé rẹ̀, The Gutenberg Galaxy, ní 1962. Òṣìṣẹ́ ìlera kan ya fíìmù nípa bí èèyàn ṣe ń da omi ìdàrọ́ nù tó sì ń ṣa agolo kúrò nílẹ̀, ó yà á jẹ́jẹ́ kó lè yé èèyàn. Wọ́n fi han àwọn ará abúlé kan ní Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n ní adìyẹ ni. Àwọn tó ya fíìmù kò mọ̀ pé adìyẹ kankan wà níbẹ̀. Wọ́n padà wo àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n bá rí i: adìyẹ kan fò kọjá ní igun ìsàlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wilson fi ìtàn yìí sọ pé àwọn ènìyàn náà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù. Ìtumọ̀ yẹn kò tẹ́ èèyàn lọ́rùn. Adìyẹ ni nǹkan kan ṣoṣo tó ń sáré nínú fíìmù tí gbogbo nǹkan yòókù ń wọ́, kò sì sí ẹni tó ti sọ fún àwọn òǹwòran ṣáájú pé agolo ni kí wọ́n máa wò. Ìbéèrè dé lẹ́yìn fíìmù, nígbà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lónìí bí olùkọ́ bá tan kàtúùnù sílẹ̀ tó wá lọ jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì rántí adìyẹ.

Tẹlifíṣọ̀n ló tẹ̀ lé ọkọ̀ sinimá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ọmọ tó lé ní 800,000 sì jókòó sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò kárí. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ìdí tí ìjọba fi ná owó náà ni pé yóò ran àwọn olùkọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Ó ran àwọn ilé-ìwé tó ní iná àti ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ìgbèríko fetí sí rédíò. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa, tí wọ́n tún gbé ẹ̀kọ́ sórí afẹ́fẹ́, ààlà náà ṣì wà níbi tó wà.

Fíìmù tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ Nàìjíríà kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ní nǹkan bí 2010 sí 2011, Sesame Square, ọmọ ìyá Sesame Street ti Amẹ́ríkà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú owó ìrànwọ́ USAID. Kami ni ọ̀kan nínú àwọn bèbí inú rẹ̀, ọmọdé tó ní kòkòrò HIV. Èkejì ni Zobi, awakọ̀ takisí tí iṣu máa ń pa bí ọtí. Iṣu yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Nínú ti Amẹ́ríkà, bisikíìtì ni ẹgbẹ́ Zobi ń jẹ. Ọmọ tó mọ iṣu dáadáa kò ní ṣòfò ọpọlọ láti mọ ohun tí bèbí ń jẹ. Gẹ̀ẹ́sì tí bèbí ń sọ nìkan ni yóò kù fún un láti gbọ́. Bino and Fino tí Adamu Waziri dá sílẹ̀ ní Abuja tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ní Tanzania, ilé-iṣẹ́ Ubongo ṣe Akili and Me fún ọmọ tó ń sọ Swahili nílé. Ìwádìí tí Dina Borzekowski gbé jáde ní 2018 sì fi hàn pé àwọn ọmọ ìlú Morogoro tó wò ó ṣe dáadáa ju àwọn tó wo nǹkan mìíràn lọ nínú kíka iye, nínú yíya àwòrán, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú.

Ìwádìí tó kárí ayé gbè é lẹ́yìn. Ní 2013, Marie-Louise Mares àti Zhongdang Pan kó ìwádìí 24 láti orílẹ̀-èdè 15 jọ lórí Sesame Street ní onírúurú èdè. Iye ọmọ tó wà nínú wọn lé ní 10,000, àǹfààní tí wọ́n rí sì hàn gbangba nínú mímọ lẹ́tà, mímọ nọ́ńbà àti mímọ ayé tó yí wọn ká. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára fíìmù mọ náà ti hàn. Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle kó ọmọ ọwọ́ oṣù mẹ́sàn-án jọ, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà rí. Ẹnìkan jókòó ti àwọn kan fún ìjókòó méjìlá, ó ń fi èdè náà kàwé fún wọn, ó ń bá wọn ṣeré. Àwọn mìíràn gbọ́ ohùn kan náà láti orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó rí ojú èèyàn gbá ìró èdè náà mú. Àwọn tó rí tẹlifíṣọ̀n kò mú nǹkan kan. Ọmọ ilé-ìwé ti dàgbà ju ọmọ ọwọ́ lọ, ó sì lè kọ́ nǹkan lára fíìmù, àmọ́ bí ọjọ́ orí bá ṣe kéré tó ni àìní ẹnìkejì ṣe pọ̀ tó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tilẹ̀ sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ jókòó níwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Ó yẹ kí àwọn jẹ́léósinmi tó ń fi kàtúùnù bọ́ ọmọ látàárọ̀ dọ̀sán mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àwítúnwí náà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà a máa rò pé bí ọmọ bá ti wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀kan, ó ti sú u. Ní 1999, Alisha Crawley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eré kan náà, Blue's Clues, han àwọn ọmọ kékeré ní ọjọ́ márùn-ún léraléra. Eré kò sú wọn. Ojoojúmọ́ ni ó ń yé wọn sí i, tí wọ́n sì ń dá eré lóhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ẹni tó ti pa àlọ́ fún ọmọ rí kò ní ya ẹnu sí èyí, nítorí ọmọ tó mọ orin àlọ́ ló máa ń gbè é kíkan jù. Fíìmù mẹ́fà tó dára tó olùkọ́ fún sáà kan.

Kí ló tún kù tí fíìmù lè ṣe tí olùkọ́ nìkan kò lè ṣe? Ìró ni. Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò sì ní ìró méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní th. Van a di fan, zoo a di sue, thin a di tin. Fáwẹ̀lì ship àti ti sheep jẹ́ ọ̀kan náà sí etí Yorùbá. Ní apá kan ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tí s ti gba ipò ṣ lẹ́nu, ship yẹn tún lè di sip. Yorùbá kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fẹsẹ̀ kan ara wọn láìfi fáwẹ̀lì là wọ́n láàárín, ìyẹn ló sọ bread di búrẹ́dì. Olùkọ́ tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá lè mọ òfin gbogbo èyí kí ahọ́n rẹ̀ má sì tẹ̀ lé e. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó kàn yẹ kí etí ọmọ gbọ́ ohùn mìíràn mọ́ ohùn olùkọ́, kó sì rí bí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe. Àléébù ibẹ̀ ni pé fíìmù Amẹ́ríkà máa ń kó Gẹ̀ẹ́sì ìgboro mọ́ ọn: ọmọ a kọ́ “gonna” lójú fíìmù, olùkọ́ a fa igi sí i nínú ìwé rẹ̀.

Fíìmù Yorùbá tó ní àkọlé Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, bí irú Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, jẹ́ ọ̀nà mìíràn tó wà nílé láìná owó. Ọmọ kíláàsì kẹrin sókè lè ti inú ọ̀rọ̀ tó yé e lọ sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Síbẹ̀, ìwádìí Géry d'Ydewalle àti Marijke Van de Poel ní Belgium, lọ́dún 1999 kan náà, fi hàn pé ọmọdé ń mú nǹkan púpọ̀ sí i nígbà tí èdè àjèjì bá wà nínú ohùn ju ìgbà tó bá wà nínú àkọlé lọ. Àwọn àkọlé fíìmù Yorùbá mìíràn sì kún fún àṣìṣe débi pé ìtúnṣe wọn gan-an ni ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́.

Ṣáàtì wá kàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti A for Apple tí wọ́n ń tà lọ́jà àti ní gáréèjì. Wọ́n ti fi lámíńẹ́ẹ̀tì bò ó, ó ń dán, I sì jẹ́ igloo, ilé yìnyín tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò rí rí, X jẹ́ xylophone. Ọmọ tó ń gbé àárín ọ̀pẹ àti kòkó ń ti ibi ohun tí kò mọ̀ kọ́ lẹ́tà tí kò mọ̀, ìyẹn ìnira méjì lórí ẹrù kan. Irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni ní orúkọ nǹkan nìkan, kì í kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ọ̀nà kan tó rọrùn wà tí kò sí lórí ṣáàtì ọjà. Ọmọ Yorùbá ti ní Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ lẹ́nu kó tó wọ ilé-ìwé; ó kàn wọ aṣọ Yorùbá ni: bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì, kọ́ọ̀pù, táyà, tábìlì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì, pẹ́ńsùlù, ṣẹ́ẹ̀tì. Bí olùkọ́ bá ya àwòrán wọn sójú kan, tó kọ ball, bread, cup, tyre sábẹ́ ìdérí bébà tí ọmọ yóò ṣí, àwọn ọmọ á rí i pé ọrọ̀ ti wà lápò àwọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti gbọ́ ibi tí ìró méjèèjì ti yà.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ṣáàtì tó ṣeé fọwọ́ kàn kò jìnnà. Ní ìlú Yorùbá, kàlẹ́ńdà òkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti ti olóṣèlú kì í wọ́n lára ògiri. Bí ọdún bá ti yí, ẹ̀yìn wọn funfun, ó nípọn, ó sì fẹ̀. Olùkọ́ lè ya agbo ilé kan sí i: ilé, kànga, tábìlì kan lábẹ́ igi, ìdáná. Yóò gé ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó ti gbẹ, yóò fi òwú rán an mọ́ bébà bí àpò kékeré, ọ̀kan lórí tábìlì, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi páálí gé ewúrẹ́, adìyẹ, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. Ọmọ kan yóò dìde, yóò ki ewúrẹ́ bọ àpò tó wù ú, àwọn yòókù á dijú. Nígbà tí wọ́n bá lajú, olùkọ́ á béèrè pé “Where is the goat?” Ọ̀kan á ní “The goat is under table.” Olùkọ́ kò ní lù ú, kò sì ní ní “Ó tì.” Yóò kàn fọwọ́ kan àwòrán náà, yóò ní “Yes, under the table,” eré á sì máa lọ. James Asher, onímọ̀ kan nípa kíkọ́ èdè, ti ń sọ láti àwọn ọdún 1960 pé ara ọmọ gbọdọ̀ bá ọ̀rọ̀ rìn kí ọ̀rọ̀ tó jókòó sí i lára.

Ewúrẹ́ páálí yìí ń bá àìsàn gidi jà. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní in, on, at, “ní” kan ṣoṣo sábà máa ń tó Yorùbá. “Ó” ni ọkùnrin, “ó” ni obìnrin, tí ọmọ fi ń pe ìyá rẹ̀ ní he. Ewúrẹ́ kan àti ewúrẹ́ méjì kò yàtọ̀ lẹ́nu Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní dandan kí s kan wà lẹ́yìn èkejì. Èèyàn lè fi òfin kọ́ àgbà ní gbogbo èyí. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í gbọ́ òfin. Páálí tó ń sún kiri ló ń gbọ́.

Ṣáàtì púpọ̀ náà kò dára. Ní 2014, Anna Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon kọ́ àwọn ọmọ kékeré 24 ní yàrá tí wọ́n fi àwòrán bo ògiri rẹ̀ pátá àti ní yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣófo. Nínú yàrá aláwòrán ni ojú wọn ti ń rìn kiri jù, ibẹ̀ sì ni wọn kò ti mú ẹ̀kọ́ tó ti ìkejì. Ṣáàtì méjì tí wọ́n ń lò, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ bí ẹ̀kọ́ bá ti yí, sàn ju ogún tó ti ṣá lójú oòrùn lọ.

Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ṣáàtì ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí fíìmù yóò lò gbọdọ̀ ti wà lára ògiri lánàá, kí ọmọ lè mọ ohun tí òun ń dúró dè. Wọ́n á kọ́kọ́ wo fíìmù náà láìsí ohùn, wọ́n á sì fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn á wọlé, olùkọ́ á máa dá a dúró: kí ló fẹ́ ṣe? Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Bí fíìmù bá parí, àwọn ọmọ á padà sí ṣáàtì, wọ́n á fi páálí tún ìtàn náà ṣe.

Àwọn kan á ní kí ni Yorùbá ń wá nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn wà ní Modákẹ́kẹ́, nínú ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ilé-Ogbó. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n gbé lọ sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí òfin bá ti wù kó yí tó, Yorùbá ni ọmọ yóò fi ronú nípa ohun tó rí, fíìmù àti ṣáàtì sì wà lára nǹkan díẹ̀ tó lè mú kí Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ yé e láìjẹ́ pé wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fò. Àwọn ilé-ìwé tí wáyà NẸ́PÀ ń gba iwájú wọn kọjá kò fi bẹ́ẹ̀ rí iná lọ́sàn-án, owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sì sí nínú ìṣirò kankan. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín ní Ọ̀ṣun láti 2013 jẹ́ àpẹẹrẹ pé ẹ̀rọ lè dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Kò kan àwọn kékeré tí etí wọn ṣì rọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn ni fóònù olùkọ́. Ojú rẹ̀ kéré fún ogójì ọmọ, àmọ́ ó tó ọmọ mẹ́fà tí wọ́n pagbo, nígbà tí àwọn yòókù wà nídìí ṣáàtì. Kí wọ́n ti gba fíìmù náà sínú mẹ́mọ̀rì káàdì nílé ṣáájú, nítorí dátà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ láàárín kíláàsì.

Bí olùkọ́ bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti ṣe, kó má fi ṣáàtì tí wọ́n ti mọ̀ dán wọn wò. Odídẹrẹ́ náà á yege níbẹ̀. Kó gbé àwòrán tí wọn kò rí rí wá, tàbí kó fi kọ́ọ̀pù gidi sábẹ́ àga gidi. Tàbí kó kàn dúró de ọjọ́ tí ọmọ kan yóò wá nǹkan rẹ̀ tì, tí yóò gbójú sókè, tí yóò ní: “Àǹtí, where is my pencil?”